Orin Keje Nínú Àwo Àbúrò Mi

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú ilé wa, Ọlọ́run sì mọ̀ pé mo gbàdúrà kó má dé etí ẹlòmíràn.

Àbúrò mi, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, ló gbé e wá sí ìsọ̀ mi ní Àpáta, ní ìlú Jos, níbi tí mo ti ń ránṣọ. Òtútù ọjọ́ yẹn kì í ṣe òtútù ẹ̀rín. Mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, mo sì ń fẹnu fẹ́ ìka mi kó lè yá kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bó ṣe wọlé báyìí, kò kí mi, kò jókòó, ó kàn ki fóònù rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń fò bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

"Àǹtí mi, ó ti jáde! Àwo wa ti jáde, wallahi!"

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ ń kọ́? Ṣé àwo ti gbé ìkíni mì ni?"

Ó dọ̀bálẹ̀ gbàgà sórí ilẹ̀ tí àjákù aṣọ kún, ó tún fò dìde. Ẹ sáà wo ọmọ!

Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, àwọn mẹ́rin ni. Àbúrò mi ló ń kọrin, òun náà ló ń ta jìtá. Ọmọ Bẹ̀rọ́ọ̀mù kan láti Gyel ló ń lùlù. Ọmọ Hausa kan ló ń ta jìtá kejì, èyí tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀, tó máa ń mi àyà ènìyàn. Ọmọ Ìgbò kan tí kì í sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu, ló wà nídìí kìbọ́ọ̀dù. Rọ́ọ̀kì aláriwo ni orin wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣeré níbi ìgbéyàwó àti àṣeyẹ ilé-ìwé. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹun, wọ́n á relé, wọ́n á gbàgbé wọn. Àwo yìí ló gbé wọn jáde. Kò pẹ́ rárá tí mi ò fi rí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wọ̀ láti Àpáta dé Terminus láàárín ìlú kí orin wọn má máa dún nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: àwo náà dára. Èmi kì í ṣe ẹni tí ń yin ọmọ ilé ara rẹ̀ lójú agbo, àbúrò mi gan-an mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ṣùgbọ́n ó dára. Omi ìwẹ̀ òwúrọ̀ nínú ọyẹ́ ni orin kìíní dá lé. Àbúrò mi á fi ìka kan omi, á pariwo "Wayyo!", jìtá á gba ariwo náà lẹ́nu rẹ̀, títí o ò fi ní mọ èyí tó jẹ́ ti ènìyàn àti èyí tó jẹ́ ti wáyà. Òmíràn dá lórí onílé obìnrin kan tó máa ń fi imú ṣọ́ ìkòkò àwọn ayálégbé rẹ̀. Òmíràn tún wà nípa ọmọbìnrin kan ní Gyel tó já olólùfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àmọ́ tí ìyá rẹ̀ kò yéé fi àpò pòtétò ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin náà. Gbogbo ohun tí ọmọkùnrin ń wí nínú orin ni pé, "Ìyá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ fi ọmọ yín ránṣẹ́." Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni orin karùn-ún. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rin ń ti ọkọ̀ tó kú gun òkè, kálukú ń pàṣẹ ní èdè tirẹ̀, ọkọ̀ sì ń yí padà sẹ́yìn bọ̀ wá bá wọn. Láàárín orin, ẹ̀rín gbé onílù. Ìlù dáwọ́ dúró. O máa gbọ́ ọ tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí ó ń ní kí wọ́n má bínú, àwọn yòókù náà sì tú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹnì kan ka ɗaya, biyu, uku, orin sì tún gbéra. Wọn ò gé e kúrò. Àwa tí a dàgbà sí Jos mọ ìgbà tí ọmọ ilé kan kò jẹ́ gba iwájú ilé kejì kọjá, tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ló ń yan àdúgbò fún ènìyàn. Nígbà tí mo gbọ́ àwọn mẹ́rin wọ̀nyẹn tí wọ́n ń fi ọ̀fun kan rẹ́rìn-ín, mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ní kó tún un gbé sí i. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní òtútù ni.

Ìgbà náà ló wá kan orin keje.

Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ló kọ́kọ́ dún. Wọ́n ti gbé fóònù lọ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjà Katako. Ẹ̀rọ dákẹ́, jìtá bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, àbúrò mi sì gbẹ́nu lé e. Ohun tó kọ sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, tó fi hàn mí lẹ́yìn náà, nìyí:

Bàbá mi kọ́ mi láàárọ̀,
Bàbá mi kọ́ mi lálẹ́,
Kí n tó mọ A, kí n tó mọ B,
Bàbá mi ti kọ́ mi ní Katako.

Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ohùn orin náà máa ń já wálẹ̀ gẹ́lẹ́ tó bá dé orí "kọ", á sì tún gòkè lórí "mi". Ẹ̀yin náà ẹ fi ẹnu yín dán an wò. Bàbá mi kọ̀ mí láàárọ̀, bàbá mi kọ̀ mí lálẹ́, kí n tó mọ A, kí n tó mọ B, bàbá mi ti kọ̀ mí ní Katako!

Yéè!

Mo ní, "Dá a dúró. Kí lo ń wí níbẹ̀ yẹn?"

"Níbo?"

"Níbi tó o ti dárúkọ Bàbá."

"Mo ní Bàbá kọ́ mi. Iṣẹ́ igi, gbogbo ẹ̀. Orin ìyìn ni, Àǹtí. Èmi ni mo ní ká fi sí i."

"Kọ̀ lò ń pè! Kọ̀! O ní Bàbá kọ̀ ọ́!"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Haba, Àǹtí! Ṣé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Ọ̀kan náà, ẹ gbọ́! Jos la bí i sí, Hausa ló fi ń lá àlá. Yorùbá rẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Bàbá wa ló máa ń tún un ṣe láti kékeré, tó bá ní "igbá" wọ́n á ní "igba", tó bá ní "igba" wọ́n á ní "ìgbà", títí ọmọ yóò fi dákẹ́ tí yóò yí sí Hausa.

Bó bá jẹ́ ilé mìíràn ni, à bá rẹ́rìn-ín, ká gbé e tì. Ilé tiwa ni wàhálà wà. Bàbá wa ń ta pákó ní Katako, ọjà tó jẹ́ pé pákó gan-an ni Hausa ń pè bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi ló yẹ kó gba ìsọ̀ náà. Bàbá kọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fi imú mọ igi tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ, àti bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn ìka kan pákó kí a lè gbọ́ bóyá kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Àfi ọjọ́ kan tó fi pákó tuntun sílẹ̀ lábẹ́ òjò, tó sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi orin dánra wò. Kó tó dé, pákó ti mu omi yó, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

Èmi wà níbẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbé wá. Oníbàárà kan nawọ́ sí àbúrò mi tí omi òjò ń ro lára rẹ̀, ó bi Bàbá pé, "Ɗanka ne?" Ṣé ọmọ yín ni? Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "A'a." Rárá. Wọ́n ní ọmọ iṣẹ́ lásán ni.

Gbogbo ìsọ̀ gbọ́. Àbúrò mi gbé jìtá rẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ onílù yẹn ní Gyel. Ìyá wa ti kú nígbà náà, èmi ni mo wá ń gbé ìkíni lọ, tí mo ń gbé ìkíni bọ̀ láàárín wọn. Èṣí báyìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó nídìí tábìlì kan náà nínú ilé tí èmi àti Bàbá ń gbé. "Ṣé dáadáa lo wà?" "Dáadáa ni, Bàbá." Ọ̀rọ̀ wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sùúrù àti ọbẹ̀ ni mo fi kọ́ ìyẹn ró, n kò sì ní ìyàwó ilé tàbí àna tó bá mi gbé bíríkì kan. Orin kan ṣoṣo wá fẹ́ wó o.

Mo ní kí àbúrò mi lọ yí ohùn orin náà padà. Ó ní ọmọ tó wà nídìí kìbọ́ọ̀dù ló dá ohùn náà, òun náà kò sì gbọ́ Yorùbá, báwo la ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ó ní àwo ti wà lórí fóònù gbogbo ayé. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, ó ń fi ẹnu súfèé orin náà lọ lójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Aṣọ tí mo ń rán, apá ọ̀tún ni mo ń rán mọ́ òsì. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ń ru, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ká má jẹ́ kí ohunkóhun bí wọn nínú. Bẹ́ẹ̀ Bàbá kì í jí kí wọ́n má tan rédíò, àwọn rédíò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo náà sáfẹ́fẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo yọ bátìrì inú rédíò Bàbá, mo kó o pa mọ́ sáàárín bọ́tìnnì mi. Bàbá tẹ̀ ẹ́, kò dún. Wọ́n gbé bátìrì tuntun bọ̀ láti ọjà. Mo já wáyà kan nínú rẹ̀. Ẹ má bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń já.

Bàbá ní, "Kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó lẹ́nu nínú ilé yìí ló ń yadi?"

Mo ní, "Ọyẹ́ ni, Bàbá."

Wọ́n wò mí, wọ́n gbé rédíò náà tì. Mo tún lọ bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta ní ìkóríta wa, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fo orin keje. Wọ́n ní, "Màmá, ìyẹn ló dùn jù!" Wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ kún un lójú mi. Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò gbọ́ Yorùbá kan, ọmọ Bẹ̀rọ́ọ̀mù, ọmọ Hausa, ọmọ Ìgbò, wọ́n ń fò sókè lẹ́bàá gọ́tà, wọ́n ń kọ ọ́ pé bàbá mi kọ̀ mí, pẹ̀lú ìdùnnú. Mo fẹ́ wọlẹ̀ lọ.

Èyí tó wá fọ́ mi pátápátá ni ti ìpàdé àwa ọmọ Èkìtì. Ìyá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ọmọ mi, n ò fẹ́ tojú bọ ọ̀rọ̀ yín o. Ṣé òótọ́ ni pé bàbá yín kọ ọmọ yẹn?" Ẹ̀yin náà mọ ohun tí kíkọ ọmọ jẹ́ láàárín wa. Bí bàbá bá kọ ọmọ, ìyá ọmọ ni wọ́n ń wò lójú burúkú, bó tilẹ̀ wà nínú ibojì. Inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ohùn orin ni. Ohùn orin ló wọ́ ọ̀rọ̀." Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n," ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n tó gùn bí ọ̀nà Bauchi. Mi ò jẹ ìrẹsì ìpàdé ọjọ́ náà.

Gbogbo rẹ̀ tún wá burú sí i nígbà tí ìkéde jáde pé ẹgbẹ́ wọn yóò ṣeré ní gbọ̀ngàn kan láàárín ìlú, lọ́sàn-án Sátidé, kí àwọn ará Jos lè fojú rí àwọn tó kọ àwo náà. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ wá sílé lẹ́yìn ìsìn, ó dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá. Orin kan wà níbẹ̀ tí mo kọ fún yín."

Mo wà nídìí ààrò. Ìgbákọ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá ní, "Mo gbọ́." Wọ́n ń yọ egungun kúrò nínú ẹja wọn nìṣó. "A ó ti rí i."

Kí ni ìtumọ̀ "mo gbọ́"? Ṣé wọ́n gbọ́ ìpè ni, àbí wọ́n ti gbọ́ orin? Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé Bàbá kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ wọ́ kí wọ́n dákẹ́. Ẹ mọ bí àwọn orin ìsìn àtijọ́ ṣe máa ń lọ́ Yorùbá po nítorí ohùn òyìnbó tí wọ́n gbé e lé. Bàbá ti dìde rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọrin lọ́wọ́, wọ́n na ọ̀pá wọn sókè. "Ẹ dúró! Kí lẹ ní Olúwa ṣe?" Gbogbo ìjọ dákẹ́ lọ gbáà. Ẹni tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé Ọlọ́run, kí ni kò ní ṣe ní gbọ̀ngàn eré? Mo ti ń rí i lọ́kàn mi: Bàbá á dìde, wọ́n á dá ọmọ dúró lójú gbogbo Jos, wọ́n á bi í léèrè ìgbà tí àwọn kọ̀ ọ́, ọmọ náà á sì sọ ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí Katako. Mo ti pinnu pé n óò bá Bàbá sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kí wọ́n má bàa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ lójú èrò. Kí n tó yà sí ìlà wa, mo gbọ́ ọ. Àwọn alábàárù ni. Wọ́n gbé igi gbọọrọ kan lé èjìká, wọ́n fi orin náà ṣe orin iṣẹ́, àwọn tó wà níwájú á ní "Bàbá mi," àwọn tó wà lẹ́yìn á gbè é, "kọ̀ mí!" Wọ́n gbà pé orin oríyìn fún ọ̀gá àwọn ni, torí pé ọmọ ọ̀gá ló kọ ọ́. Bí wọ́n ti ń kọjá níwájú Bàbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n ń gbé ọwọ́ kan sókè kí wọn.

Bàbá jókòó sórí pákó. Àwọn náà ń fi orí kí wọn padà.

Mo ní, "Bàbá, láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kọ eléyìí?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀." Bàbá ní kí n gbé oúnjẹ náà síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ yẹn ò mọ̀. Ohùn orin ló fà á wálẹ̀ …"

"Jẹ́ n jẹun."

Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọwọ́, wọ́n kó àwo fún mi. N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Nígbà tó di Sátidé, Bàbá wọ bùbá àti ṣòkòtò aṣọ òkè tí wọ́n fi ń ṣe ọdún, wọ́n gbé súwẹ́tà wọ̀ lé e, wọ́n dé fìlà. Mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sínú báàgì mi. Gbọ̀ngàn ti kún kí a tó dé, ó kún débi pé òtútù kò ríbi wọlé. Wọ́n bá wa wá ìjókòó síwájú nítorí àgbà. Èmi ni mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, mo di ẹ̀yìn bùbá wọn mú bí ẹni pé ọmọdé ni wọ́n.

Bí eré ti ń lọ, ó yẹ kí n gbádùn rẹ̀. Àbúrò mi pariwo "Wayyo!" ti omi ìwẹ̀, gbogbo èrò bá a pariwo. Wọ́n dé orí ọkọ̀ tó kú, onílù mọ̀ọ́mọ̀ dá ìlù dúró níbi tí ẹ̀rín ti gbé e nínú àwo, kí ó tó rẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn ti bá a rín in. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, mo rí eyín wọn. Èmi ń ka orin lórí ìka ni. Ó ku méjì. Ó ku ọ̀kan. Ó dé.

Ariwo ẹ̀rọ ìlagi dún. Àwọn èèyàn ti hó kí jìtá tó wọlé. Àbúrò mi kò tilẹ̀ kọ ìlà kìíní, èrò ló gbà á lẹ́nu rẹ̀ kọ. Bàbá mi kọ̀ mí láàárọ̀! Bàbá mi kọ̀ mí lálẹ́!

Bàbá dìde.

Mo fa bùbá wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jókòó. Ẹ wo ara yín."

"Fi mí sílẹ̀," ni Bàbá wí. "Ṣé n kò lè dìde fún ọmọ mi ni?"

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ó ṣì í pè ni. Kọ́ ló fẹ́ wí! Ó ní ẹ kọ́ òun! Ohùn orin ló sọ ọ́ di kọ̀!"

Bàbá yí ojú sí mi. Ariwo pọ̀, wọ́n ní láti tẹnu bọ etí mi.

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ṣì í? Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ni mo ti ń tún Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó pè tó gún nìyí. O ò ní bá mi bà á jẹ́."

Ọwọ́ mi tú kúrò lára bùbá wọn. Wọ́n dúró títí orin fi parí, wọn kò jó, wọn kò pàtẹ́wọ́, wọ́n kàn dúró gbọin tí wọ́n ń wo ọmọ náà. Àbúrò mi rí wọn láti orí pèpéle, ó tún fi ọwọ́ líle ta jìtá.

Lẹ́yìn eré, wọ́n mú wa lọ sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn pèpéle. Àbúrò mi ń làágùn yọ̀bọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún wa, wọ́n jáde.

"Ṣé ó dùn, Bàbá?"

"Ó dùn." Bàbá fi ọ̀pá wọn ti ara wọn. "Ó dùn, òótọ́ sì ni. Mo kọ̀ ọ́."

Àbúrò mi gbé orí sókè láti ilẹ̀.

"Ẹ kọ́ mi, Bàbá," ló wí. Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè níbi tó yẹ kó gbé e, ó pè é bí ọmọ Èkìtì. "Ẹ kọ́ mi gan-an ni."

Bàbá mirí pé rárá. Wọ́n kọjú sí mi, omi ti dé ojú wọn. "Kò yé e. Bá mi sọ ọ́ fún un ní Hausa. N kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo la ẹnu. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, àbúrò mi ti dìde, ó di ọwọ́ mi mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò wò mí.

"Na ji, Àǹtí," ló wí kẹ́lẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, ó ti yé òun. Ó wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ Bàbá, ó fi èjìká tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀. "Ẹ kọ́ mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."